Mọ́tò Ọkọ Ọmọ Mi

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń dúró de èrò ní Igbókọ̀dá, bàbá kan ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, àmọ́ ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo jókòó sí.

"Ọkọ ọmọ mi gbé mọ́tò rẹ̀ tuntun wá kí mi. Nígbà tó sùn lọ́sàn-án, mo tú wáyà bátìrì rẹ̀, bí a ṣe máa ń tú ti ẹ́ńjìnnì wa tí a bá ti gúnlẹ̀, kí olè má baà wà á lọ."

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ dè é padà?"

"Mo dè é kó tó jí. Àmọ́ mọ́tò ti gbàgbé gbogbo nǹkan. Rédíò ń béèrè nọ́ńbà àṣírí. Fèrèsé á gòkè tán, á tún já wálẹ̀. Ọkọ ọmọ mi ń tẹ bọ́tìnì, ó ń làágùn, ó ní àfi kí òun tún un kọ́ bí ọmọdé."

"Ẹ ò wá jẹ́wọ́?"



"Kí n tó lanu, ó ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ní kí n má bínú, pé mọ́tò òun dójú ti òun níwájú mi."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní kó dìde. Mo ní mo ti dárí jì í."