Odó Màámi Nínú Kámpà

Èmi tí mi ò kàwé, tí mo sì ń wa tírélà yí Amẹ́ríkà po, etí mi kì í tàsé ọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan bára wọn sọ níwájú mi lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Buford.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Kámpà tó o fẹ́ máa gbé yìí, ilé onítáyà tí ò tó yàrá kan, ibo ni odó Màámi máa wà níbẹ̀?"

Àbúrò gbá tìmùtìmù tó fẹ́ rà mọ́yà. "Aunty mi, kò sóhun tó máa jókòó lásán nínú kámpà mi. Inú ìkòkò ni gààrí wà. Màá kó àlùbọ́sà sínú odó, màá fi pákó bò ó, màá fi ṣe àga."

"Èèwọ̀! A kì í jókòó lórí odó. Màá wá gbé e lọ sílé mi ni!"

"Ẹ ò ní gbé e. Odó yẹn nìkan ni Màámi fi sílẹ̀ fún mi. Pákó á wà lórí odó, tìmùtìmù á wà lórí pákó. Mi ò jókòó lórí odó o, orí tìmùtìmù ni mo jókòó sí."

Orí tìmùtìmù! Èmi ọlọ́gbọ́n yìí gan-an ì bá má ronú kàn án.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ tẹ tìmùtìmù náà wò. "Èyí ti fẹ́lẹ́ jù. Lọ mú èyí tó nípọn, kí Màámi má baà rí odó láti ọ̀run."