Ẹ̀rọ Tí Bùsàrí Kò Tú Wò

Ọpẹ́ ni fún Allahu, Ọba tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ tí a dé pa àti nínú àyà tí a dé pa. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, àti ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó tọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, ẹ sún mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ àmánà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àmánà kì í ṣe owó tí wọ́n ní kí o bá àwọn pa mọ́ nìkan. Iṣẹ́ tí o gbà láti ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò ní wà níbẹ̀ láti wò ọ́ bí o ti ń ṣe é, àmánà ni. Bí o bá jẹ ẹ́, tí o tún fi orúkọ Ọlọ́run bò ó mọ́lẹ̀, hùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bùsàrí fún yín.

Ní Ẹdẹ ni. Bùsàrí ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán ara mọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní, Ọlọ́run yóò fún yín, ẹ ṣe àmín. Orí rẹ̀ róbótó bí ìdérí ìkòkò, wọ́n á fi irun àgùntàn bò ó, á máa yí bírí bírí lórí ọ̀dà mọ́tò títí wàá fi rí eyín ara rẹ nínú ilẹ̀kùn. Iná mànàmáná ló ń lò. Ohun tó jẹ́ kí ọjà Bùsàrí tà ju ti àwọn yòókù lọ ni gàráńtì. Yóò ní, "Ọdún kan gbáko. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ gbé e wá. Màá tú u, màá fẹ́ eruku inú rẹ̀, màá yẹ wáyà rẹ̀ wò, èyí tó bá ti jẹ, màá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀." Ìwé pélébé kan wà tó lẹ̀ mọ́ orí súkúrù ẹ̀rọ náà, síìlì ni wọ́n ń pè é. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tú ẹ̀rọ náà kí síìlì má ya. Bí Bùsàrí bá tú u, òun ni yóò lẹ tuntun mọ́ ọn. Bí ẹlòmíràn bá tú u, gàráńtì ti kú nìyẹn.

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Lámídì gbọ́ ọ, ó rà á. Lámídì àti àbúrò rẹ̀, Ràúfù, jọ ń fọ mọ́tò, wọ́n jọ ń dán mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà Òṣogbo. Ìyá kan, bàbá kan ni wọ́n. Bàbá ti kú, ìyá wọn ló kù, inú ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Lámídì gbé ẹ̀rọ lọ. Bùsàrí gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. "Ẹ̀gbọ́n Lámídì, ẹ jókòó, ẹ mu omi." Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá bi mí, kí ló ṣe níbẹ̀? Ó mú àkísà, ó nu ara ẹ̀rọ, ó fi òróró díẹ̀ pa á, ó ń dán yinrin. Ó wá jókòó, ó ń tẹ fóònù rẹ̀, kó lè dà bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gbé e jáde. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti di tuntun." Kò tú u. Síìlì tó wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, òun náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Kí ló dé? Ṣé ọ̀lẹ ni? Rárá o. Bí o bá gbé ẹ̀rọ tí gàráńtì rẹ̀ ti tán wá, tí wàá sanwó, Bùsàrí yóò tú u dé ìfun. Ohun tí Ìbìlíìsì sọ sí i létí ni pé, "Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni èyí." Ẹ gbọ́ irọ́! Ṣé ọ̀fẹ́ ni? Nígbà tí Lámídì ń ra ẹ̀rọ, ṣé kì í ṣe ìlérí yẹn ló fà á wá? Ó ti san owó ìtọ́jú mọ́ owó ọjà. Ẹ̀yin télọ̀ tí ẹ gbowó aṣọ, tí ẹ kò rán inú rẹ̀ dáadáa nítorí pé ojú kì í tó ibẹ̀, mi ò bá yín wí o. Bùsàrí ni mò ń bá wí.

Oṣù mẹ́ta kejì pé, ohun kan náà ló ṣe. Omi ọṣẹ ń wọ inú ẹ̀rọ, wáyà ń bó díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọdún Iléyá ku dẹ̀dẹ̀, mọ́tò kún ọ̀dọ̀ wọn. Lámídì dúró nínú omi, ó di ẹ̀rọ mú, iná gbé e. Ràúfù ló sáré fa wáyà yọ. Ọlọ́run dá ẹ̀mí Lámídì sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti jóná kọjá ohun tí dókítà lè tún ṣe. Wọ́n gé e láti ìgúnpá.

Bùsàrí wá kí wọn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wò ó sàn. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà fún mi, kí n wo ohun tó ṣe é." Wọ́n gbé e fún un. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó wo síìlì, kò sí ibi tó ya. Síìlì tó pé yẹn ni ẹlẹ́rìí pé kò tú ẹ̀rọ náà rí. Ó fi èékánná ya á.

Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí pe gbogbo wọn jọ. Lèmọ́mù ní, "Bùsàrí, ǹjẹ́ o tọ́jú ẹ̀rọ yìí bí o ti ṣèlérí?" Ó ní, "Mo tọ́jú rẹ̀, Bàbá. Ẹ wo síìlì rẹ̀, ó ti ya. Wọ́n tú u lẹ́yìn mi." "Ṣé o lè búra?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tó yẹ kó ti padà nìyẹn. Ilẹ̀kùn túúbá ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Bùsàrí ní, "Wálláhi, mo tú u, mo tọ́jú rẹ̀. Àwọn ni wọ́n tún un tú."

Ẹ mọ̀ wá. Bí èèyàn bá ti wí wálláhi nínú mọ́ṣáláṣí, a kì í bèèrè mọ́. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ náà wò, bóyá eruku wà nínú rẹ̀. Lèmọ́mù ní, "Ẹni tó bá fi Ọlọ́run búra, ọ̀rọ̀ ti di ti Ọlọ́run." A ṣàdúà, a túká. A rò pé ó ti tán.

Kò tán o. Bí Bùsàrí kò bá purọ́, ta ló tú ẹ̀rọ? Lámídì mọ̀ pé òun kọ́. Ó wá ku Ràúfù, Ràúfù tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀, tó ti tú rédíò ìyá wọn rí, tí rédíò kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá pè é.

"Ràúfù, sọ òótọ́ fún mi."

"Màámi, mi ò tú u."

"Bùsàrí búra."

"Èmi náà á búra, Màámi."

"Má búra. Ẹni méjì ò lè fi Ọlọ́run kan ṣoṣo búra lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ọ̀kan nínú wọn má purọ́. Apá ọmọ mi lo ti jẹ. Má fi iná ọ̀run kún un."

Ràúfù wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lámídì wolẹ̀. Ràúfù kó aṣọ rẹ̀, ó lọ, a ò mọ ibi tó gbà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìyá kú. Mo wà níbi jànásà rẹ̀. Lámídì ń fi ọwọ́ kan bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè ìyá rẹ̀, àbúrò tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí títí di òní.

Ọjà Bùsàrí ń tà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró láti kírun, tí lèmọ́mù bá kábárà pé Allahu Akbar, ọwọ́ méjì-méjì ni gbogbo wa ń gbé sókè. Lámídì ń gbé ẹyọ kan. Bùsàrí kúrò ní ìlà sáfù yìí, ó bọ́ sí tọ̀hún, ojú rẹ̀ ṣì ń bá ọwọ́ yẹn pàdé. Ó wá ro ohun tí yóò ṣe. Ilé Lámídì kò jìnnà sí tirẹ̀, ó fò ó, ó lọ sí Mẹ́kà. Ó dé Àráfà, ó sunkún, ó túúbá. Ó padà dé, a ń pè é ní Àlààjì. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, lèmọ́mù kábárà, ọwọ́ kan gòkè níwájú rẹ̀.

Ó wá bá mi nílé. "Àlùfáà, ṣé Ọlọ́run ò gbà á ni?" Ó ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní, "Bùsàrí, èyí tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run, Aláàánú ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ èèyàn ń bẹ lọ́wọ́ èèyàn. O fi ẹni tí o ṣẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹdẹ, o wá lọ ń bẹ̀bẹ̀ ní Mẹ́kà. Dìde, lọ bá Lámídì."

Ó lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́. Lámídì ní kó dìde. Ó wá ní, "Ní ti apá mi, mo dárí jì ọ́. Àbúrò mi ń kọ́? Ìṣojú mi báyìí ló ṣe jáde nílé, mi ò dá a dúró. Lọ bá mi wá a."

Bùsàrí wá a títí, ó bá a ní Pàràkú ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó ń fọ ọ̀kadà. Ó wí gbogbo rẹ̀ fún un. Ràúfù kò pariwo. Ohun tó bèèrè ni pé, "Màámi ń kọ́?" Bùsàrí ní ó ti di olóògbé. Ràúfù fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún un nù. "Kó tó kú, ṣé ó mọ̀ pé èmi kọ́?" Bùsàrí dọ̀bálẹ̀. Ràúfù ní, "Màá bá ọ lọ. Ṣùgbọ́n ká tó yà sílé, ìdí sàréè rẹ̀ la ó kọ́kọ́ lọ. Ìwọ lo jẹ́ kó gbà pé èmi ni. Ìwọ ni wàá sọ fún un pé èmi kọ́."

Wọ́n dé. Lámídì wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Bùsàrí kúnlẹ̀ sínú koríko. "Ìyá Lámídì, èmi Bùsàrí ni. Irọ́ ni mo pa. Ràúfù kò tú ẹ̀rọ yẹn." Ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Ràúfù tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́ dá lóhùn. Ẹ̀yin èèyàn, ṣé sàréè máa ń fèsì? Nígbà tó pẹ́, Ràúfù ní, "Mo dárí jì ọ́ ní tèmi. Tìyá mi, mi ò mọ̀." Bùsàrí bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin.

Ìyẹn ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹni tí o jẹ ní ẹ̀tọ́, tó ṣì ń mí, bí wáàsí yìí bá parí, ilé rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yà. Má lọ sùn lé e. Ọlọ́run wa, fi wá mọ̀nà. Jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ tí ojú kò tó bí èyí tí ojú ń wò. Irọ́ tí a ti pa, fún wa lágbára láti lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣì ń gbọ́. Àmín.