Itọ́ Inú Ike Ẹlẹ́rìn-ín

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, nítorí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́, dókítà sì ti sọ fún mi pé ọkàn mi kò ní í pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Àìsàn kọ́ ló rẹ̀ mí tó báyìí, irọ́ ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, òní sì ni ọjọ́ náà. Gbogbo ẹ̀yin ará ìjọ yìí lẹ mọ ìtàn aránṣọ tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ẹni tí ẹ sọ pé àdúrà wo ikọ́ ife rẹ̀ sàn, tí ilé ìwòsàn sì jẹ́rìí sí i. Èmi ni ilé ìwòsàn náà.

Ọmọ ìyá kan náà ni èmi àti olùṣọ́àgùntàn yín, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò nínú máíkírósíkóòpù, awò tó ń sọ ohun tí ojú kò rí di ńlá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bá Ẹni tí ojú kò rí sọ̀rọ̀. Láti kékeré la ti ń jiyàn. Màá ní kó gbé Ọlọ́run rẹ̀ sórí gíláàsì kí n wò ó, òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní gíláàsì mi kéré jù. Nítorí ìyá wa ni mo ṣe ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn orin mi tí ẹ máa ń yìn yẹn, ohùn lásán ni, kò sí ìgbàgbọ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má bínú.

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi kú, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wá bá mi ní yàrá àyẹ̀wò, ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fọ gíláàsì. Ọrùn rẹ̀ ti gbẹ débi pé kọ́là rẹ̀ ń yí lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá ń gbàdúrà báyìí, ó ń ṣe mí bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Mo fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì padà." Ó wá sọ fún mi pé òun ti gbàdúrà fún Ẹlẹ́rìn-ín, tó ti ń lo oògùn ikọ́ ife bọ̀ láti oṣù méjì, ilé ìwòsàn sì fẹ́ tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. "Ẹ bá mi wò ó. Tí ẹ̀yin tí ẹ kò gbàgbọ́ bá sọ pé kò sí mọ́, màá mọ̀ pé Ó ń gbọ́."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Iyàn tí a ti ń jà láti kékeré ti fẹ́ parí sọ́wọ́ mi. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Lọ́jọ́ kejì, Ẹlẹ́rìn-ín gbé ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wá, ó fi àjákù aṣọ oníbàárà wé e, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń wúkọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ikọ́ yẹn, mo sọ fún ara mi pé mo mọ ohun tí màá rí: àwọn kòkòrò pupa tín-ín-tìn-ìn-tín, bí òwú tó já. Bó ṣe lọ tán, mo da ohun tó wà nínú ike náà sínú oògùn apakòkòrò. Mo mú ike mìíràn, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, mo sì tutọ́ ara mi sínú rẹ̀. Ẹ wo ayé mi: mo tún jókòó, mo fi aró kùn ún, mo fara balẹ̀ wo itọ́ ara mi nínú awò, bí olóòótọ́ ènìyàn. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé pé n kò rí kòkòrò kankan.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín jẹ́rìí. Àbúrò mi sunkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo ní ṣebí oògùn kan nìyẹn náà. Kò pẹ́, Ẹlẹ́rìn-ín padà wá bá mi. Ó ní, "Bọ̀dá, àwọn nọ́ọ̀sì ní kí n parí oògùn yẹn, ó sì ń da inú mi rú, mi ò lè jókòó ti ẹ̀rọ mi. Ṣé kí n ṣì máa lò ó?" Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ wa dé ìdajì mọ̀ pé bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá tilẹ̀ mọ́, dandan ni kí aláìsàn parí oògùn. Mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tó bá ń lo oògùn lọ, ẹ ó ní oògùn ló wò ó, àbúrò mi á sì padà síbi tó ti ń bọ̀. Mo dá a lóhùn pé, "Ìwọ náà ṣáà ti rí ìwé." Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì lo oògùn náà mọ́.

Ikọ́ náà padà dé. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, egungun ló kù, oògùn kò ràn án mọ́. Mo kọrin níbi ìsìnkú rẹ̀. Ìwọ ọmọ rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, tí o ń fi ẹ̀rọ ìyá rẹ ránṣọ títí dòní, kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run ló pa á. Èmi ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jẹ́wọ́ fún àbúrò mi. Mo rò pé yóò gbé mi ṣépè ni. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Ẹlẹ́rìn-ín gan-an ńkọ́? Kí lẹ rí níbẹ̀?" N kò wò ó. Èmi tí mo ń fọ́nnu pé ohun tí mo bá rí nìkan ni mo gbà gbọ́, ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ mí pé kí n wò, mo dà á nù, nítorí ó dá mi lójú. Bóyá ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, tí ǹ bá lè sọ òótọ́ fún un kí n sì ní kó parí oògùn. Bóyá kòkòrò kún inú rẹ̀, tí wọn ìbá sì tètè wá nǹkan ṣe sí i. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ láyé. Àbúrò mi ní láti ọjọ́ tí a ti sin Ẹlẹ́rìn-ín lòun kò ti gbọ́kàn lé ìwé mi mọ́, òun kàn ń kanlẹ̀kùn náà lọ ni. Òun ló ní kí n wá sọ ọ́ níwájú yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àtẹni tó fẹ́ wàásù àtẹni tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ mi, ẹ má fi irọ́ ran Ọlọ́run lọ́wọ́, kò bẹ̀ yín. Ẹ wò ó ná, kí ẹ tó sọ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ ọmọ Ẹlẹ́rìn-ín, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Bí kò bá ṣeé ṣe lónìí, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n gbé ojú sókè díẹ̀ kí n rí ọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, n kò tíì wò ọ́ lójú rí.