Kẹ́ẹ̀gì Méje Tí Mo Dà Nù ní Idogun

Ojú ara mi ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà ní pírámárì, mo sì kọ́ ilé méjì. Mélòó nínú ẹ̀yin alákọ̀wé ló kọ́ ọ̀kan?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí Mùfú, tí a jọ ṣiṣẹ́ rí, ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ó ń fi ọ̀kadà gbé èrò. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú erùpẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Omi kànga ẹ̀rọ wa ní Idogun níyọ̀. Tíṣà obìnrin kan wá láti Ọ̀wọ̀, ó gbé ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ omi wá. A ń mu èyí tó dùn. Èyí tó ṣẹ́kù, tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí nǹkan míì, ń gba inú dúrọ́ọ̀mù kan kọjá. Hóró funfun bí ẹ̀wà ló kún inú rẹ̀. Tíṣà yẹn, tí a ń pè ní mádáàmù, ní àwọn hóró náà kì í gba iyọ̀, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù, tó wà nínú omi náà, nìkan ni wọ́n ń gbá mú. Mo rẹ́rìn-ín. Hóró tó ní làákàyè ju àwọn àbúrò mi lọ!

Èmi ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Mùfú, púlọ́ńbà láti ìdílé mùsùlùmí kan láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, ló ń bójú tó páìpù. Ó ń fi gbogbo ẹnu pe obìnrin yẹn ní ọ̀gá. Ó ń rí mi lára.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, mádáàmù àti Mùfú fi omi ásíìdì fọ àwọn hóró náà, wọ́n rọ omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì méje. Mádáàmù ní kí n ṣọ́ kẹ́ẹ̀gì náà di ọjọ́ Ajé. Èmi, kí n máa ṣọ́ omi tí wọ́n fi fọ nǹkan? Tí ìyàwó mi bá fọ aṣọ, aṣọ ló ń sá, omi ló ń dà nù. Mo da gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Mo di hóró sínú àpò, mo jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ góòlù.

Àṣé ásíìdì ti mú kí hóró tú èròjà náà sínú omi tí mo dà nù.

Lọ́jọ́ Ajé, mádáàmù béèrè ẹni tó dà á.

Mo ní, "Mùfú ni. Ojú ara mi ni mo fi rí i."

Mùfú ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rò ó dáadáa. Èmi lẹ rí?"

Mo ní òun ni.

Wọ́n lé e. Ìròyìn dé Ọ̀wọ̀, kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ páìpù fún un. Koríko tí omi yẹn pa lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, èmi ni mo fi èèpo kòkó bò ó kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Mádáàmù kò rí nǹkan kan fi han àwọn tó rán an níṣẹ́, wọ́n bá tú ẹ̀rọ wọn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ fún Mùfú níwájú ìyàwó rẹ̀, àbí mádáàmù ni kí n kọ́kọ́ wá lọ jẹ́wọ́ fún? Ẹ má fi òyìnbó dá mi lóhùn.

Ohun tó ṣòfò nìyí: omi kẹ́ẹ̀gì méje, iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ kan, omi dídùn Idogun, àti orúkọ ọkùnrin kan.