Irọ́ Inú Fíìmù Ni Mo Fi Tú Ìfẹ́ Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Ká

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti ń rùn nínú mi tipẹ́. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tún rán mi ní irú iṣẹ́ tí mo fi ba ayé ọmọ wọn jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè.

Mo ṣeré nínú fíìmù kan tí a yà ní Bódìjà. Ọmọbìnrin Yorùbá àti ọmọkùnrin Hausa ló fẹ́ra wọn nínú rẹ̀. Èmi ni àǹtí ìyàwó tí wọ́n rán lọ ṣèwádìí ìdílé ọkọ ní Kánò. N kò lọ. Mo jókòó ti súyà ní Sábó, mo wá parọ́ pé wèrè wà nídìílé wọn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Nígbẹ̀yìn àṣírí tú, wọ́n dárí jì mí, ìgbéyàwó wáyé.

Kò pẹ́ ni Fọlákẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mú Ikenna wálé. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Agbówó ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju tèmi lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wa. Síbẹ̀ kòbókòbó ni mo ń pè é lẹ́yìn. Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ ń rí mi lára.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ ṣèwádìí ní ìlú àwọn Ikenna. Wọ́n ní, "Ìwọ ni ojú mi." Mo gbé báàgì dé Ìwó Road bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀, mo sì yà sílé ọ̀rẹ́ mi ní Challenge. Mo jẹ, mo sùn, mo ń wo fíìmù mi, mo ń rẹ́rìn-ín ara mi. Nígbà tí mo padà, mo ní wèrè wà nídìílé wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo fíìmù. Fọlákẹ́ ló wò mí lójú.

"Àǹtí, ṣé kì í ṣe ti inú fíìmù yẹn lẹ ń sọ?"

Mo gbé Bíbélì, mo búra. Ọmọ náà gbà mí gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ló ń rí mi lára jù.

Nígbà tí Fọlákẹ́ já Ikenna sílẹ̀, ó sunkún títí. Ó rò pé ọ̀tá ilé wọn ló ṣì mí lọ́nà. Ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ìwó Road báyìí, kò tíì gbéyàwó. Tó bá rí mi, á gbé àga síta: "Mọ́mì, ẹ jókòó." Mo máa ń jókòó, ojú kò tì mí. Fọlákẹ́ náà kò fẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọmọ Ẹdó kan ti wá tọrọ àbúrò Fọlákẹ́ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ wádìí, pé èmi ni mo gba Fọlákẹ́ là. Fọlákẹ́ jókòó níbẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé, mo bì.

Àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń fi orúkọ inú fíìmù pè mí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Nínú fíìmù, ẹni tó kọ ìtàn ló ní kí wọ́n dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, níta gbangba yìí, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún: Fọlákẹ́ tí mo fi Bíbélì búra fún, àbí Ikenna tó ń gbé àga fún mi?