Ìjókòó Ẹnu Ọ̀nà

Alága ọjọ́ òní, Olóyè Adébọ̀wálé. Àlùfáà Babájídé, olùṣọ́-àgùntàn wa. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti wà nídìí ààrò láti àárọ̀ kí àlejò lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Àlàájì Bàdírù, ọ̀rẹ́ mi àti aládùúgbò mi, tí ẹ ti mọ́ṣáláṣí gba ọ̀dọ̀ wa wá tààrà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Bíbélì, tí ẹ ti ń pè mí ní Bàbá Tíṣà láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo sì tọrọ etí yín fún ìgbà díẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni ẹ ń retí lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì mi yìí. Ẹ ti kọrin, ẹ ti pàtẹ́wọ́, ẹ sì ti gbé àga kan síwájú mi tí n kò ní irú rẹ̀ rí láyé mi: igi rẹ̀ ń dán, tìmùtìmù rẹ̀ rọ̀, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ mi sí i lẹ́yìn. Àlùfáà ní ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni yóò máa wà, kí n lè máa jókòó níwájú títí Olúwa yóò fi pè mí. Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí ojú mi kò bá túká bó ti yẹ. Ẹrù kan wà lọ́kàn mi. Bí n kò bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lónìí tí gbogbo yín pé, ibo ni n ó tún ti rí yín?

Ọmọ ìlú Alápòtí ni mí. Àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́ mi níwèé. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé, bí a ṣe ń dúró lórí ìlà, àti bí a ṣe ń pa òfin mọ́ kí òfin tó béèrè wa. Nígbà tí mo wá ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Sango, tí èmi àti Rónkẹ́, aya mi tó ti sùn nínú Olúwa, gba yàrá kan ní àdúgbò Joju yìí, abẹ́ páànù mẹ́rin ni ìjọ yìí wà, òjò sì máa ń dá ìwàásù dúró. Àwọn àgbà tó gbé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lé mi lọ́wọ́ ti sùn tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọmọ yín sílẹ̀ fún mi, bí mo tilẹ̀ le. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìmísíolúwa, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí kò tíì mọ bí a ṣe ń so okùn bàtà, tó sì di ẹni tí yóò gba ẹgbẹ́ náà lónìí. Ìwọ ní sùúrù ju èmi lọ, Ìmísíolúwa. Má jẹ́ kí ìjọ gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ yí orí yín padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn. Ẹ rí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn un nì. Ẹ̀yin àlejò lè má mọ ohun tó wà fún. Ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí tó bá ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀ tí ojú rí, ibẹ̀ ni a máa ń ní kó lọ jókòó sí. Kò ní jẹ oúnjẹ Olúwa, kò ní kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, títí ọjọ́ Ìkórè, tí Àlùfáà yóò pè é síwájú, tí yóò gbàdúrà fún un, tí yóò sì dá a padà sáàárín wa. Èmi ni mo dá àbá rẹ̀. Èmi náà ni mo lọ bá Àlàájì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó bá wa kàn án.

Àlàájì, ẹ ó rántí. Ẹ bi mí pé, “Tíṣà, ẹ ní kí n má ṣe ẹ̀yìn sí i? Ẹni tó bá fẹ́ fara ti nǹkan ńkọ́?”

Mo ní, “A ò fẹ́ kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn.”

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, “Ó dáa, iṣẹ́ mi fúyẹ́ nìyẹn. Àmọ́ tí ọmọ yín bá jókòó síbẹ̀, ẹ má wá bá mi pé ẹ̀yìn ń dùn ún o.”

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ ọ̀tún tiwa yá. Òsì ni a ní kó dúró de Ìkórè.

Gbogbo yín lẹ mọ Tẹjúmọ́lá. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin lójú ọ̀nà Ìdíròkò, tí ohùn rẹ̀ máa ń gbé orin wa ró. Nígbà tí òun àti Dásọ́lá ṣe ohun tí kò tọ́, tí Dásọ́lá sì lóyún, àwọn fúnra wọn ló wá bá mi. Wọn kò dúró kí ẹnikẹ́ni ó tú wọn fó. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tán, mo yìn wọ́n pé wọn kò purọ́, mo sì nawọ́ sí ìjókòó ẹnu ọ̀nà.

Dásọ́lá kò gbójú sókè níbẹ̀ rí. Tẹjúmọ́lá ní tirẹ̀ a máa ṣàwàdà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, “Ọ̀gá ẹnu ọ̀nà, ta ló ti wọlé, ta ló kù?” Òun á ní, “Ẹ máa wọlé, ẹ̀yin olódodo, èmi ló ń ṣílẹ̀kùn fún yín.” Ó tilẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá Tíṣà, ẹ ṣé gan-an ni, sà. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú lẹ ń làágùn.” Mo rí ẹ̀rín yẹn, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí kò tíì ronú pìwà dà. Ta ló sọ fún mi pé ojú tó ń rẹ́rìn-ín kì í sunkún nílé? Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Nígbà tí Ìkórè ku díẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí Àtàn-Ọ̀tà, lọ́dọ̀ bàbá Dásọ́lá, Ọ̀gbẹ́ni Kàsúmù, láti bẹ̀ ẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ ní ìta gbangba. Bàbá náà wò wọ́n títí, ó ní, “Ẹ dìde, ilẹ̀ tútù. Ọmọ mi kò lè máa bímọ fún yín kí n tún máa fi yín ṣọ̀tá.” Ọjọ́ kan náà ló parí rẹ̀. Ó bu omi fún wọn mu.

Tẹjúmọ́lá pè mí lórí fóònù láti Àtàn. Ìdùnnú kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní, “Bàbá Tíṣà, bàbá Dásọ́lá ti ní ká dìde. Ó ku ẹ̀yin, sà.”

Mo ní, “Ó dára, ọmọ mi. Jẹ́ kí Ìkórè dé.”

Ó ní, “Ẹ ṣé, sà.”

Ó gun ọ̀kadà ṣáájú ìyá rẹ̀, kó lè bá iṣẹ́ ọ̀sán. Ibi tí omi ti jẹ ọ̀nà ni ọkọ̀ àjàgbé kan ti yà fún kòtò, tó sì gbá òun àti ọlọ́kadà. Ìyá rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òun ló kọ́kọ́ mọ bàtà ọmọ rẹ̀ lójú títì.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó kàn. Ìlànà wa sọ pé a kì í gbé òkú ẹni tó wà lórí ìjókòó ẹnu ọ̀nà wọ inú ilé Ọlọ́run. A gbé pósí Tẹjúmọ́lá dúró sóòrùn, a gbàdúrà ráńpẹ́, orin tí a kọ kò sì lọ dáadáa, nítorí ohùn tó máa ń gbé e ró ló wà nínú pósí. Ìyá rẹ̀ bi mí pé ṣé wọn ò lè gbé e wọlé kó kàn kọjá lásán. Mo ní ìlànà ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì wọ inú ilé yìí mọ́; ìta ló ń jókòó sí.

Dásọ́lá bímọ. Kò wá sáàárín wa fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo lọ wò ó, kò fi ìjókòó lọ̀ mí, ó kàn wo ojú mi, ó ní, “Bàbá, Tẹjúmọ́lá kú nígbà tí ìjà ṣì wà láàárín òun àti Ọlọ́run. Ta ló máa bá a parí rẹ̀ báyìí?”

Èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìgbàlà láti kékeré wọn, mo yísẹ̀ padà sílé. Mo ṣí Bíbélì mi, mo ń wá èsì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ gbọ́ èsì mi lónìí, Dásọ́lá, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́. Nílẹ̀ wa, bí ẹnì kan bá ṣẹ ẹlòmíràn, ta ni í rán onípẹ̀? Ẹni tó ṣẹ̀ ni. Òun ni yóò wá àgbà, tí yóò kó wọn lẹ́yìn lọ bẹ ẹni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àwa àti Ọlọ́run, Ẹni tí a ṣẹ̀ ló rán onípẹ̀ sí àwa tí a ṣẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló rán. Ọmọ náà rìn wá bá wa lórí ilẹ̀ tútù, a sì kàn án mọ́ igi, ẹ̀bẹ̀ ló sì wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀. Ṣé irú Baba bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wo kàlẹ́ńdà Ìkórè kó tó gba ọmọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ìdíròkò máa ń rí ọkọ̀ tó ń kó àlòkù irin lọ síbi tí Tẹjúmọ́lá ti ṣiṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló dípẹtà. Ẹ ti rí ọjọ́ tí wọ́n lé irin padà lẹ́nu géètì pé kó lọ dán ná?

Ṣé mo mọ ohun tó wà lọ́kàn Tẹjúmọ́lá lórí ọ̀kadà náà? N kò mọ̀, n kò sì ní purọ́ lórí òkú. Baba ni mo mọ̀. Ọmọ tó ti jẹ́wọ́, tó ti kúnlẹ̀, tó ní “ó ku ẹ̀yin”, èmi ló kù ní tòótọ́. Ọlọ́run kò sí lára àwọn tó kù.

Èmi kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó ń pani, ó ń ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ Baba. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín sun ìlàjà síwájú. Ibi tí o bá wà ni kí o ti ké pè é: nídìí ẹ̀rọ, ní ìdíkọ̀, nínú yàrá tí o ti ń tijú. Ìkórè kò dúró de Tẹjúmọ́lá. Kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọ̀rọ̀ Dásọ́lá lọ bá ìgbìmọ̀. Nítorí pé ó ti ṣaláìwá, ìlànà ní kó tún ìjókòó náà bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní kó wà níbẹ̀ títí Ìkórè yóò fi dé; ibẹ̀ náà ló gbé ọmọ jókòó sí lónìí. Àlùfáà, ẹ̀yin àgbà, n kò bínú sí yín. Ẹ kò sọ ohun tí n kò kọ́ yín. Láti òní, n kò ní ipò tí mo lè fi yí i padà. Mo ń bẹ̀ yín, bí ọmọdé ti í bẹ̀bẹ̀, pé kí ẹ tún un gbé yẹ̀ wò. Bí ìyá Tẹjúmọ́lá bá ń gbọ́ mi láti ìta tó jókòó sí un nì, mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

Kí Ọlọ́run bù kún ìjọ yìí. Kí àwọn tó jáde nílé láàárọ̀ máa padà wọlé. Kí ọ̀nà Ìdíròkò má jẹ ọmọ wa mọ́. Ẹni tó bá ti jìnnà, kí ohùn Baba bá a níbi tó wà, kó sì bá ọwọ́ tiwa náà ní nínà.

Nípa àga yìí, Àlàájì, iṣẹ́ ọwọ́ yín dára. Ẹ jọ̀wọ́, Màmá Tẹjúmọ́lá ni kí ẹ fún, kí ẹ mú màmá wọlé, kó jókòó níwájú. Kò sí ìlànà tó sọ ibi tí arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ jókòó sí. Mo ti wá àyè tèmi.

Dásọ́lá, gbé ọmọ sí ẹsẹ̀ kejì, kí o sún díẹ̀ fún mi. Mo ń bọ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ẹ ṣé o.