Wọ́n Bu Iyọ̀ sí Ìgbín Mi

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n na Ajíhìnrere lọ́jọ́ náà. Inú ṣì ń bí mi o, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

Gbogbo yín lẹ mọ oko ìgbín mi ní Wásinmi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ fi mí ṣẹ̀sín. "Bàbá, ìgbín náà ni bísínẹ́ẹ̀sì?" Mi ò kàwé kọjá praimárì fóò, ṣùgbọ́n mo kọ pílánì mi sínú ìwé: iye ìgbín tí n ó fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọn ó máa jẹ, oṣù tí n ó tà wọ́n. Mo fi búlọ́ọ̀kù mọ ọgbà, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Odidi ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń já ewé ìbẹ́pẹ fún wọn. Wọ́n tóbi! Ọ̀kan wà níbẹ̀, bó bá ń bọ̀ lọ́nà, ajá mi á yà fún un. Kí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lọ bi ajá náà.

Alájàpá kan láti Itori wá wò wọ́n. Ó ní òun á kó gbogbo wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n ààyè nìkan lòun ń rà. Bí mo bá já a kulẹ̀, kò tún ní padà wá mọ́. Ni ìyàwó mi bá ní kí ìjọ wá gbàdúrà sí i. Èmi náà gbà. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Ajíhìnrere kó ẹgbẹ́ aládùúrà dé. Ó ní ká dijú. Ó ká nẹ́ẹ̀tì kúrò. Àdúrà náà gùn! "Olúwa, bí iyọ̀ ṣe ń dùn, jẹ́ kí òwò Bàbá dùn!" Mo ní, "Àmín!" Mo wá gbọ́ tó ń dún ṣàràṣàrà. Mo la ojú kan.

Yéè! Iyọ̀ gidi ni! Ó ń bù ú sórí ìgbín bí ẹni ń se ọbẹ̀!

Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò mọ̀ pé iyọ̀ ń pa ìgbín? Wọ́n ti ń hó bí ọṣẹ.

"Ẹ dúró! Ẹ ń pa wọ́n!"

Kò tilẹ̀ la ojú. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ̀mí ló ń ṣiṣẹ́ lára wọn."

"Iyọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lára wọn!"

Ló bá dá orin.

Kànga mi ti gbẹ. Omi inú kẹ́ẹ̀gì, àwọn aládùúrà ti mu ún tán. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀: "Olúwa, má dá wọn lóhùn! Èmi ni kí o gbọ́! Rọ òjò!" N ò tíì sọ pé Àmín tí òjò fi dé. Òjò wo! Oko aládùúgbò mi gbẹ fúrúfúrú, tèmi ń ṣàn. Ẹja méjì bọ́ látòkè, mo sun ọ̀kan jẹ. Gbogbo iyọ̀ yẹn ṣàn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, alájàpá dé. Ó ń fìka tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fà wọnú ìkarahun. "Ààyè ni, Bàbá." Mọ́kànlá péré ló kú. Ó kó gbogbo ìyókù, ó ní kí n tún sin òmíràn.

Ajíhìnrere wá ń lọ káàkiri Wásinmi, ó ní iyọ̀ òun ló pe òjò, kí n mú ìgbín ọpẹ́ wá! Ajíhìnrere, ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú yẹn, ẹ yé mirí sí mi.

Ìjọ, ẹ dìde, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Jésù. Ó gbọ́ àdúrà tèmi, ó sì fi omi ṣan tiwọn dànù. Halelúyà!